Owó Ibodè, Owó Ìrànwọ́ àti Àpò Àgbẹ̀: Kí Ló Ń Ṣẹlẹ̀ Nínú Òwò Oúnjẹ Àgbáyé?

Òdòdó fànílà, ohun ọ̀gbìn tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ mú oúnjẹ ta sánsán, kì í là ju ọjọ́ kan ṣoṣo lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ tó bá là, àgbẹ̀ tó gbìn ín ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Madagásíkà ní láti tètè débẹ̀. Á mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, á fi ká awọ pẹlẹbẹ tó pààlà sáàárín akọ àti abo inú òdòdó náà sókè, á sì fi àtàǹpàkò tẹ méjèèjì pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti orí ìtàkùn kan dé òmíràn, torí pé kò sí kòkòrò tó ń bá wọn ṣe é ní erékùṣù yẹn. Èso á lo bí oṣù mẹ́sàn-án lórí ìtàkùn kó tó ṣeé já. Wọ́n á rì í bọ omi gbígbóná, wọ́n á fi aṣọ wé e kó làágùn, wọ́n á sì máa sá a sóòrùn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó di ohun tí wọ́n ń kó sọ́kọ̀ ojú omi.

Lọ́jọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 2025, Donald Trump, Ààrẹ Amẹ́ríkà, kéde pé ọjà tó bá ti Madagásíkà wọ orílẹ̀-èdè òun yóò máa san owó ibodè 47%. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ní kí ó ṣì dúró, kí wọ́n máa san 10% ná. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, ó di 15%. Ní oṣù Kọkànlá, nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn ti ń pariwo ọ̀wọ́n oúnjẹ, ìjọba yọ kọfí, kòkó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti àwọn oúnjẹ mìíràn kúrò nínú owó ibodè tuntun náà. Ìpinnu mẹ́rin láàárín oṣù mẹ́jọ, kò sì sí èyí tí wọ́n bi ẹni tó ń fọwọ́ tẹ òdòdó léèrè nínú wọn.

Láti ìgbà náà ni àríyànjiyàn ti gba orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan ní kí àwọn orílẹ̀-èdè olówó ṣáà ṣí ilẹ̀kùn, ìṣẹ́ á tán nílẹ̀. Àwọn kan ní kí àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè ti ilẹ̀kùn tiwọn gbọn-in, àgbẹ̀ á là. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ apá méjèèjì. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí tọ̀tún-tòsì wọn ń fò dá: lábẹ́ òrùlé àgbẹ̀ kan náà ni ẹni tó ń ta oúnjẹ àti ẹni tó ń rà á jọ ń gbé. Ẹni tí kò bá mọ ìyẹn, bó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ owó ibodè, á gbọ́ ọ lódì.

Ta gan-an ni òtòṣì tí ọ̀rọ̀ yìí kàn?

Báńkì Àgbáyé ka ẹni tí ohun tó ń ná lójúmọ́ kò bá tó dọ́là 3 sí ẹni tí ìṣẹ́ ti wọ̀ lẹ́wù. Ọdún 2025 ni wọ́n gbé òṣùwọ̀n náà dé ibẹ̀, 2.15 ni tẹ́lẹ̀. Bí a bá kó irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ márùn-ún jọ, ìgbèríko ni bíi mẹ́rin nínú wọn ń gbé, iṣẹ́ oko ni púpọ̀ wọn sì gbójú lé.

Ká mú ìdílé kan tí ilẹ̀ rẹ̀ kò ju éékà mẹ́ta lọ. Nígbà ìkórè, gbèsè ajílẹ̀ ń dúró, owó ilé ìwé ń dúró, kò sì sí àká tí kòkòrò kò ní wọ̀. Kíá ni wọ́n á ta àgbàdo. Gbogbo aládùúgbò náà ń tà lọ́sẹ̀ kan náà, alájàpá tó gbé ọkọ̀ wá mọ̀ bẹ́ẹ̀, iye tó bá wù ú ló ń dá lé e. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, àká ti gbẹ. Ìyá ilé á gbé abọ́ lọ sọ́jà láti ra àgbàdo, ó sì lè jẹ́ èyí tó ti inú oko rẹ̀ jáde gan-an, ní iye tó ti wọ́n ju ti ìgbà ìkórè lọ dáadáa. Ìwádìí tí wọ́n ṣe nínú agbo ilé ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi hàn pé irú ìdílé yìí, tó ń ra oúnjẹ ju èyí tó ń tà lọ, pọ̀ láàárín àwọn àgbẹ̀ kékeré. Bí owó oúnjẹ bá gòkè, wọ́n á yọ̀ ní ìkórè, wọ́n á sunkún nígbà ọ̀wọ́n.

Àwọn tí kò ní ilẹ̀ rárá náà tún wà, àwọn tó ń fi ọkọ́ wá owó ojúmọ́ lóko olóko. Oúnjẹ olówó gọbọi ń gba ẹnu wọn lójú ẹsẹ̀. Owó iṣẹ́ wọn lè gòkè tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kó tó gòkè. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní "oúnjẹ wọ́n, àgbẹ̀ jèrè", ìbéèrè tó yẹ ká bi í ni pé: àgbẹ̀ wo?

Kí ni owó ibodè, kí sì ni owó ìrànwọ́?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Owó ibodè ni owó tí ìjọba ń gbà lórí ọjà tó ń wọlé láti òkèèrè. Ẹni tó kó ọjà wọlé ló ń san án fún ìjọba tirẹ̀. Kì í ṣe orílẹ̀-èdè tí ọjà ti wá ló ń kọ ṣẹ́ẹ̀kì. Ìyẹn kò ní kí ó má dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ o. Ẹni tó ń kó fànílà wọlé lè fi owó náà lé àwọn oníbàárà rẹ̀ lórí, ó lè yọ ọ́ nínú èrè tirẹ̀, ó sì lè sọ fún ẹni tó ń tà á fún un pé "èmi kò lè rà á ní iye àná mọ́". Ẹni tí kò bá ní ibòmíràn tó lè tà á sí nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹrù náà ń já lé lórí.

Owó ìrànwọ́ ni èyí tí ìjọba ń ná lórí àgbẹ̀ tirẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹ̀dínwó lórí ajílẹ̀, ó lè jẹ́ owó tí wọ́n ń fi kún owó ọjà, ó sì lè jẹ́ ìlérí pé ìjọba yóò ra irè oko ní iye kan pàtó. Èyí tí wọ́n ń san lórí ọjà tó ń lọ sókèèrè ló máa ń bí ìjà jù, torí pé òun ló ń sọ ọjà di gbànjo: wọ́n á tà á nílẹ̀ onílẹ̀ ní iye tí kò tó èyí tí wọ́n ná lé e lórí.

Ìfòfindè yàtọ̀ sí méjèèjì. Ìjọba lè fòfin de kíkó ọjà wọlé, ó sì lè fòfin de kíkó o jáde. Èkejì yìí ni a kì í sábà fura sí, àmọ́ ó ń dun àgbẹ̀ púpọ̀, a ó padà débẹ̀.

Báwo ni owó tí ìjọba kan fún àgbẹ̀ tirẹ̀ ṣe ń ṣàkóbá fún àgbẹ̀ òkè òkun?

Òwú ni àpẹẹrẹ tó tètè yé ni jù, torí pé ẹjọ́ rẹ̀ dé iwájú adájọ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ìṣirò kékeré kan tú u. Ká ní àgbẹ̀ kan ń ná 80 dọ́là kó tó kó ìwọ̀n òwú kan jọ, kí ẹnì kejì máa ná 50. Ọjà àgbáyé ń ra ìwọ̀n náà ní 60. Bí ẹnikẹ́ni kò bá dá sí i, ẹni àkọ́kọ́ á pàdánù 20, á pa òwú tì, á lọ gbin nǹkan mìíràn. Ẹnì kejì á jèrè 10. Ṣùgbọ́n ìjọba sọ fún ẹni àkọ́kọ́ pé: máa gbìn ín lọ, iyekíye tí ọjà bá rà á, a ó fi kún un títí yóò fi pé 85. Kò ní dín ọwọ́ kù nìyẹn, ńṣe ló máa tún gbìn sí i. Òwú á wá pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ á já sí 48. Ẹni àkọ́kọ́ kò mọ̀ ọ́n lára, 85 rẹ̀ pé. Ẹnì kejì, tí òwú tirẹ̀ kò náni lówó púpọ̀, tó mọ iṣẹ́ náà jù, ló jẹ gbèsè dọ́là 2.

Bó ṣe rí nìyẹn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí. Ní Màlì, Burkina Faso, Chad àti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń já òwú. Tọkọ-taya-tọmọ á tò sórí poro, wọ́n á máa fi ìka yọ ẹ̀gbọ̀n òwú kúrò nínú èèpo tó ti gbẹ tó sì ń gún ọwọ́, wọ́n á máa jù ú sínú àpò tí wọ́n so mọ́ ìbàdí. Iye tí wọ́n ń ná lórí òwú wà lára èyí tó kéré jù lágbàáyé. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ẹ̀rọ ti ń ká a, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 25 àgbẹ̀ òwú gba owó ìrànwọ́ tó lé ní bílíọ̀nù 2 dọ́là ní sáà 2001 sí 2002. Ṣáínà ń fún tirẹ̀, Yúróòpù náà ń fún àwọn ará Gíríìsì àti Sípéènì. Owó òwú lágbàáyé já wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀ 50 sẹ́ǹtì lórí pọ́ùn kan.

Ìjọba Amẹ́ríkà nígbà náà kò gbà pé owó ìrànwọ́ nìkan ló fà á. Wọ́n tọ́ka sí aṣọ tí wọ́n ń fi ike hun, tó ti ń gba ọjà lọ́wọ́ òwú, àti òwú rẹpẹtẹ tí Ṣáínà kó pamọ́. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé gbà pé àwọn nǹkan wọ̀nyí wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń jà ni iye tí owó ìrànwọ́ kó nínú ìjábọ́ náà.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2003, Blaise Compaoré, Ààrẹ Burkina Faso nígbà náà, lọ sí Geneva lọ bá Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé, tó ń bójú tó òfin òwò láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, sọ̀rọ̀ lórúkọ orílẹ̀-èdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nǹkan méjì ni wọ́n béèrè: kí owó ìrànwọ́ orí òwú kásẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì máa san owó gbà-má-bínú fún àwọn àgbẹ̀ wọn títí yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ìpàdé àwọn mínísítà ní Cancún, ní Mẹ́síkò, túká láìsí àdéhùn kankan.

Brazil gba ọ̀nà mìíràn. Ó pe Amẹ́ríkà lẹ́jọ́ lọ́dún 2002, ó jàre lọ́dún 2004, ó tún jàre níwájú ìgbìmọ̀ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ́dún 2005. Nígbà tí Amẹ́ríkà ń fi falẹ̀, àjọ náà fún Brazil láṣẹ láti fi owó ibodè gbẹ̀san lára ọjà Amẹ́ríkà, kódà kó fọwọ́ kan ẹ̀tọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ̀ lórí iṣẹ́ ọpọlọ. Kí ìyẹn má bàa ṣẹlẹ̀, lọ́dún 2010 Amẹ́ríkà gbà láti máa san mílíọ̀nù 147.3 dọ́là lọ́dọọdún fún Brazil, wọ́n sì fi mílíọ̀nù 300 parí gbogbo ọ̀rọ̀ náà lọ́dún 2014.

Bẹ̀nẹ̀ àti Chad wà níbi ẹjọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tọ́rọ̀ kàn, ṣùgbọ́n Brazil ni wọ́n sanwó fún. Bí Chad bá tilẹ̀ jàre, kí ni yóò fi gbẹ̀san? Ohun tó ń rà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà kò tó ohun tí ẹnikẹ́ni yóò torí rẹ̀ pàdánù oorun. Ọ̀kan náà ni òfin tó wà nínú ìwé fún gbogbo wọn, ṣùgbọ́n agbára tí a fi ń mú un ṣẹ kò dọ́gba, èmi ò sì rí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn tó ibi ẹjọ́ òwú.

Ta ló ṣe òfin òwò yìí, kí ló dé tó fi rí báyìí?

Fún bí ogójì ọdún lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àdéhùn tí wọ́n ń pè ní GATT ń dín owó ibodè kù lórí ọjà tí ilé-iṣẹ́ ń ṣe. Ọjà oko kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú rẹ̀. Lọ́dún 1955, Amẹ́ríkà gba àyè pé kí òfin náà má de àwọn irè oko tó ń dáàbò bò nílé, àwọn ará Yúróòpù náà sì kọ́ ètò tiwọn sẹ́yìn odi owó ibodè gíga. Ìjíròrò tó bẹ̀rẹ̀ ní Uruguay lọ́dún 1986 ló wá mú ọ̀rọ̀ oko wọlé. Wọ́n fọwọ́ sí i ní Marrakesh lọ́dún 1994, Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1995.

Àdéhùn náà ní kí àwọn orílẹ̀-èdè olówó dín owó ibodè orí oúnjẹ kù ní ìpíndọ́gba 36% láàárín ọdún mẹ́fà, kí àwọn tó ṣì ń gòkè dín tiwọn kù ní 24% láàárín ọdún mẹ́wàá. Àwọn tó tòṣì jù kò ní dín nǹkan kan. Wọ́n wá pín owó ìrànwọ́ sí àpótí-àpótí. Èyí tó ń ti àgbẹ̀ láti gbin púpọ̀ wà nínú àpótí aláwọ̀ ìyeyè, òun ni wọ́n ní kí wọ́n dín kù. Èyí tí wọ́n gbà pé kò ba ọjà jẹ́, bí ìwádìí, ọ̀nà, àti owó tí kò so mọ́ iye tí àgbẹ̀ gbìn, wà nínú àpótí aláwọ̀ ewé, kò sì ní òdiwọ̀n. Àpótí aláwọ̀ búlúù wà láàárín wọn.

Ibi tí àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀ nìyí. Ẹni tó ti ń na òbítíbitì tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sọ fún pé kó dín in kù ní 20%, kó sì di ìyókù mú. Ẹni tí kò rí nǹkan fún àgbẹ̀ rẹ̀ rí ni wọ́n sọ fún pé kó má kọjá 10% iye irè oko rẹ̀. Àwọn olówó sì rí ọgbọ́n dá: wọ́n kó púpọ̀ nínú owó wọn kúrò nínú àpótí ìyeyè sínú ti ewé. Yúróòpù ṣe bẹ́ẹ̀ nínú àtúnṣe tó ṣe lọ́dún 2003. Àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ ní owó tí kò so mọ́ iye ohun tí wọ́n gbìn kò lè ta àgbẹ̀ òkèèrè nípàá; àwọn alátakò ní àgbẹ̀ tó mọ̀ pé owó kan ń bọ̀ ní gbogbo ọdún lè forí la ewu tí ẹlòmíràn kò lè forí là.

Lọ́dún 2001, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò tuntun ní Doha, wọ́n ní ti ìdàgbàsókè ni yóò jẹ́. Ó fọ́ ní oṣù Keje 2008, nígbà tí Íńdíà àti Amẹ́ríkà kò lè gbà lórí bí orílẹ̀-èdè ṣe lè gbé owó ibodè sókè bí ọjà òkèèrè bá ya wọlé lójijì. Àṣeyọrí tó ṣeé tọ́ka sí ni ti Nairobi, oṣù Kejìlá 2015, níbi tí wọ́n ti gbà láti fòpin sí owó ìrànwọ́ orí ọjà oko tó ń lọ sókèèrè. Ṣùgbọ́n ti inú ilé ṣì wà. OECD, ẹgbẹ́ tó kó ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè olówó jọ, ṣírò pé láàárín 2021 sí 2023, orílẹ̀-èdè 54 tí wọ́n yẹ̀ wò ń ná bílíọ̀nù 842 dọ́là lọ́dún láti gbárùkù ti iṣẹ́ oko. Ní báyìí, kì í ṣe àwọn olówó àtijọ́ nìkan ló wà nínú rẹ̀ mọ́. Ṣáínà ló ń ná jù, Íńdíà náà sì wà lára àwọn tó tẹ̀ lé e.

Ṣé orílẹ̀-èdè tó ṣí ibodè rẹ̀ sílẹ̀ jèrè?

Ó dá lórí ohun tó wà nílẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i.

Haiti ń gbin èyí tó pọ̀ jù nínú ìrẹsì tó ń jẹ títí di ìlàjì ọdún 1980 sí 1990. Lọ́dún 1995, nínú àtúnṣe ọrọ̀ ajé tí àwọn tó ń yá a lówó béèrè fún, owó ibodè orí ìrẹsì já sí 3%. Ìrẹsì Amẹ́ríkà, tí owó ìrànwọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, kún ọjà. Fún ará ìlú tó ń rà á jẹ, ìtura ni, a kò gbọdọ̀ fi ìyẹn pa mọ́. Àmọ́ àwọn àgbẹ̀ àfonífojì Artibonite kò rí iye tó lè gbé wọn, ọ̀pọ̀ fi oko sílẹ̀ lọ sí ìlú ńlá. Nígbà tí owó ìrẹsì àgbáyé wá fò sókè lọ́dún 2008, ìfẹ̀hónúhàn ebi bẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì yọ olórí ìjọba, Jacques-Édouard Alexis, nípò. Ní oṣù Kẹta 2010, Bill Clinton, tó jẹ́ Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà tí wọ́n gé owó ibodè náà, sọ níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin àgbà pé ètò náà lè ti ṣe àwọn àgbẹ̀ kan ní Arkansas, ìpínlẹ̀ òun, láǹfààní, ṣùgbọ́n pé àṣìṣe ni.

Ti Mẹ́síkò ṣòro dá lẹ́jọ́ díẹ̀. Àdéhùn NAFTA, tí òun, Amẹ́ríkà àti Kánádà jọ ṣe lórí òwò, bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù Kìíní 1994. Wọ́n ní owó ibodè orí àgbàdo yóò máa dín kù títí di 2008, kí àwọn àgbẹ̀ lè ráyè múra, ṣùgbọ́n ìjọba fúnra rẹ̀ ń jẹ́ kí èyí tó kọjá ìwọ̀n wọlé láìgba owó náà. Owó àgbàdo já, àwọn tó ń gbìn ín lórí òkè ní gúúsù sì fara gbá a. Síbẹ̀, àgbàdo tí Mẹ́síkò ń gbìn lápapọ̀ kò dín kù bí wọ́n ṣe rò. Àwọn tó ní omi ìrin-oko ní àríwá gbìn sí i. Tòmátì àti píà tó ń lọ sí Amẹ́ríkà di òwò ńlá. Orílẹ̀-èdè kan náà, àdéhùn kan náà, ó gbé apá kan ró, ó ti apá kejì ṣubú.

Vietnam ni àwọn tó fẹ́ òwò ṣíṣí sílẹ̀ máa ń tọ́ka sí. Àtúnṣe tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1986, tí wọ́n gbé síwájú lọ́dún 1988, gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àlájọṣe, ó fi í lé ìdílé kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́. Orílẹ̀-èdè tó ń ra ìrẹsì láti òkèèrè di èyí tó ń tà á lọ́pọ̀ yanturu láti ọdún 1989. Lọ́dún 1993, 58 nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn ibẹ̀ ni òṣùwọ̀n orílẹ̀-èdè wọn kà sí òtòṣì. Nígbà tó di 2006, ó ti dín sí 16. Ohun tí àwọn tó ń sọ ìtàn yìí máa ń gbàgbé ni pé ilẹ̀ ti dé ọwọ́ àgbẹ̀, lọ́nà tó sún mọ́ ọgbọọgba, kí ilẹ̀kùn òwò tó ṣí gbayawu. Ìdílé tó ní ilẹ̀ ló lè jẹ nínú owó tó gòkè.

Ṣé kí wọ́n ti ibodè pa ni?

Àwọn tó gbà bẹ́ẹ̀ ní ìdí. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè olówó ni kò dá àgbẹ̀ wọn dá ọjà nígbà tí wọ́n ń gòkè. Ó sì ń dunni nígbà tí orílẹ̀-èdè bá fẹ́ lo àyè tí òfin fún un, tí kò sì lè lò ó. Lọ́dún 2003, ilé aṣòfin Gánà fọwọ́ sí i kí owó ibodè orí adìyẹ láti òkèèrè gòkè láti 20% sí 40%, èyí tí kò tíì tó òdiwọ̀n tí òfin Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé gbà wọ́n láàyè. Kò pẹ́ tí ìjọba fi fà á padà lẹ́yìn ìjíròrò pẹ̀lú IMF, àjọ àgbáyé tó ń yá àwọn orílẹ̀-èdè lówó, ló bá di ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn títì ní ẹni tó ń sanwó rẹ̀. Ìdílé tó ń ra oúnjẹ, tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣáájú, wà lára wọn. Bí owó ilé bá sì fi púpọ̀ ju ti ìta lọ, àwọn onífàyàwọ́ á rí iṣẹ́ ṣe, èrè tó yẹ kó dé oko á kù sójú ọ̀nà ẹ̀bùrú.

Ti kíkó jáde ló tún wá le jù. Ní 2007 àti 2008, Íńdíà àti Vietnam dí ọ̀nà ìrẹsì tó ń jáde, kí ti ilé má bàa wọ́n. Àwọn tó ń rà á láti òkèèrè wá ń kó o pamọ́ tìbẹ̀rùbojo. Owó ìrẹsì Thailand, tó wà ní nǹkan bí 400 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù ní ìbẹ̀rẹ̀ 2008, kọjá 1,000 láàárín oṣù mélòó kan. Íńdíà tún ṣe irú rẹ̀ ní oṣù Keje 2023, ó fòfin de ìrẹsì funfun tí kì í ṣe basmati títí di oṣù Kẹsàn-án 2024, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nǹkan bí 40% ìrẹsì tí wọ́n ń tà káàkiri àgbáyé ń wá láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Olùrajà ní ìlú Íńdíà rí ìtura. Àgbẹ̀ ìrẹsì ibẹ̀, tó yẹ kó jẹ èrè ọ̀wọ́n àgbáyé, ni wọ́n gba èrè náà lọ́wọ́ rẹ̀ láìfi ìwé owó orí kankan ránṣẹ́ sí i.

Kí ló dé tí owó tó gòkè lọ́jà àgbáyé kì í dé ọwọ́ àgbẹ̀?

Ẹ wo kòkó. Ní oṣù Kejìlá 2024, tọ́ọ̀nù kan kọjá 12,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ní Côte d'Ivoire, tó ń gbin kòkó jù lágbàáyé, 1,800 owó CFA ni ìjọba ní kí wọ́n máa ra kílò kan lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní sáà náà, èyí tó jẹ́ nǹkan bí 3,000 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù. Kì í ṣe pé ẹnì kan jí ìyókù gbé. Wọ́n ti ta púpọ̀ nínú kòkó ọdún náà sílẹ̀ ṣáájú, nígbà tí owó kò tíì gòkè, kí àgbẹ̀ lè mọ iye tí yóò gbà kó tó kórè. Ètò náà ń dáàbò bo àgbẹ̀ bí owó bá ń já, àmọ́ ó ń mú un dúró bí owó bá ń fò. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá 2025, wọ́n gbé e dé 2,800. Owó àgbáyé ti bẹ̀rẹ̀ sí í já nígbà yẹn.

Irú bọ́ọ̀dù tó ń dá iye lé irè oko báyìí ti wà láti ayé ìjọba amúnisìn. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń fi àgbẹ̀ ṣe orísun owó, iye tí wọ́n ń san fún un kéré jìnnà sí èyí tí wọ́n ń gbà lókèèrè. Nígbà tí IMF àti Báńkì Àgbáyé ní kí wọ́n tú wọn ká láàárín 1980 sí 1999, àgbẹ̀ ń gba ìpín tó pọ̀ sí i nínú owó àgbáyé, ṣùgbọ́n awin ajílẹ̀ àti oògùn tí bọ́ọ̀dù ń fún un kásẹ̀ nílẹ̀ níbi púpọ̀.

Ojú ọ̀nà náà ń jẹ tirẹ̀. Ibi tí ọkọ̀ kò bá lè dé lójò, alájàpá kan ṣoṣo tó bá fẹsẹ̀ wọ̀ ọ́ ló ń dá iye. Ní ẹnu ibodè Yúróòpù, èso kòkó ń wọlé láìsan nǹkan kan. Bí ẹ bá lọ̀ ọ́ kí ẹ tó gbé e wá, tí orílẹ̀-èdè yín kò sì ní àdéhùn pàtàkì pẹ̀lú wọn, ẹ ó sanwó. Òfin ìpagbórun tí Yúróòpù ṣe lọ́dún 2023, tí wọ́n sì ti sún síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tún ń bọ̀. Yóò béèrè pé kí wọ́n fi sátẹ́láìtì tọ́ka sí ilẹ̀ tí kòkó tàbí kọfí ti wá, kí ó dájú pé kì í ṣe igbó tí wọ́n gé lẹ́yìn ọdún 2020. Igbó ń tán lóòótọ́. Ẹni tó ní éékà méjì láìní ìwé ilẹ̀ kankan ló kù tí a kò mọ ẹni tí yóò bá a san owó ìwọ̀n náà.

Ibo ni àríyànjiyàn dé báyìí?

Brazil, Australia àti àwọn tó ń ta irè oko púpọ̀ fẹ́ kí gbogbo owó ìrànwọ́ tó ń ba ọjà jẹ́ dín kù, ti Íńdíà àti Ṣáínà pẹ̀lú. Amẹ́ríkà ń béèrè kí ibodè àwọn mìíràn ṣí sí i. Orílẹ̀-èdè òwú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì ń gbé ẹ̀bẹ̀ wọn káàkiri. Áfíríkà ti bẹ̀rẹ̀ òwò lábẹ́ AfCFTA, àdéhùn òwò fàlàlà láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, láti oṣù Kìíní 2021, pé kí oúnjẹ máa lọ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì láìsí ìdènà púpọ̀.

Íńdíà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tó ń gòkè fẹ́ kí wọ́n lè máa ra oúnjẹ lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní iye tí ìjọba dá, kí wọ́n kó o pamọ́, kí wọ́n sì pín in fún òtòṣì ní ẹ̀dínwó. Àwọn tó ń ta oúnjẹ sókèèrè ní ohun tí wọ́n bá kó jọ báyìí lè padà ya sọ́jà àgbáyé. Níbi ìpàdé Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé ní Bali, oṣù Kejìlá 2013, wọ́n gbà pé àwọn kò ní pe ètò irú èyí tó ti wà nílẹ̀ lẹ́jọ́ títí wọn yóò fi rí ojútùú tó máa wà pẹ́. Ìpàdé Abu Dhabi, ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, parí láìsí àdéhùn kankan lórí ọ̀rọ̀ oko.

Ohun tó so gbogbo rẹ̀ rọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń ṣírò ìrànwọ́ náà. Bí ìjọba bá ra ìrẹsì lọ́wọ́ àgbẹ̀ lónìí, wọn kì í fi iye náà wé owó ọjà àgbáyé ti òní. Owó àgbáyé ti 1986 sí 1988 ni òfin ní kí wọ́n fi wé, ohun tó bá fi lé sí i ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìrànwọ́. Ọmọ tí wọ́n bí sí oko ìrẹsì lọ́dún 1986 ti dàgbà, ó ti jogún oko náà, ó ti ní ọmọ tirẹ̀. Iye owó ọdún tí wọ́n bí i ni wọ́n ṣì fi ń wọn ìrẹsì tó ń gbé lọ tà fún ìjọba.